Kànga Márùn-ún

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká fi ewì àti ìtàn ìfẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ká sọ̀rọ̀ omi.

Ẹni tó bá mọ Pedro dáadáa, láti ibùdókọ̀ títí wọ inú àwọn òpópónà tó já sí Ṣómólú àti Bàrígà, á mọ̀ pé ilé ibẹ̀ fún mọ́ra wọn. Nínú ọgbà kan ṣoṣo ẹ ó rí kànga, ẹ ó rí sókàwéè, nígbà mìíràn àlàfo àárín wọn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ń ti Ìjù àti Adíyàn bọ̀ kì í dé ọ̀pọ̀ ilé. Mẹ́ruwà ló ń ti ọmọlanke kiri pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, píọ̀ wọ́tà ni ẹni tó lówó ń mu, omi kànga ni wọ́n fi ń wẹ̀, tí wọ́n fi ń fọṣọ, tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Bí owó bá wá tán lápò ńkọ́? Wọ́n á mu ún náà.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò le lójú: nígbà tí òjò bá dé, tí ilẹ̀ mu omi yó, ṣé ohun tó wà nínú sókàwéè ń jò wọ inú kànga? Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àyíká ní yunifásítì máa ń fi irú ìbéèrè báyìí ṣe próójẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á bu omi, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù, láàbù á fún wọn ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á wá béèrè pé, "Test wo ni kí n lò?" bí ẹni ń béèrè pé ṣíbí wo ni kí n fi bu ọbẹ̀. Èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ ṣíbí ni. Ẹni tó bá yan test ti yan ẹni tí ìyà máa jẹ bí òun bá ṣì í. Ọ̀rọ̀ ìwà ni, kọ̀ǹpútà ò lè bá wa yanjú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí test ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Fisher, fi tíì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1935. Obìnrin kan ló sọ pé bí òun bá tọ́ tíì wò, òun á mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú kọ́ọ̀bù tàbí tíì. Fisher ní ó dáa, ẹ gbé kọ́ọ̀bù mẹ́jọ wá. Àwa lè fi omi ṣe tiwa. Ká ní ìyá kan ní Pedro sọ pé ẹnu òun mọ omi Ìjù yàtọ̀ sí omi bọ́ọ̀hóòlù. Ẹ bu kọ́ọ̀bù mẹ́jọ, mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ dà wọ́n rú, kí ẹ ní kí màmá ṣa mẹ́rin tó jẹ́ ti Ìjù. Ọ̀nà àádọ́rin ló wà tí ènìyàn fi lè ṣa mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ọ̀kan ṣoṣo ló sì tọ̀nà. Bí màmá bá ṣa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìṣì, ẹni tó ń ṣiyèméjì ní láti gbà pé bí kì í bá ṣe pé wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, á jẹ́ pé oríire ẹ̀ẹ̀kan nínú àádọ́rin ló bá wọn. Ìyẹn ò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ó gbà fún wọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ o. A bẹ̀rẹ̀ látorí pé màmá ò mọ nǹkan kan, àwọn ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí lé wa kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ test tí wọ́n ń kọ́ wa ló rí bẹ́ẹ̀: àbá pé "kò sí nǹkan kan" ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga, ẹ̀rí ló máa lé e dìde. Fisher yìí náà ló sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1925 pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún, ìyẹn 5 nínú ọgọ́rùn-ún, rọrùn láti fi ṣe ààlà. Bí kò bá sí nǹkan kan, tí èèṣì lásán ò sì lè mú irú àbájáde tí a rí wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká gbà pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó ní ó rọrùn ni o, kò ní ọ̀run ló ti sọ̀ kalẹ̀. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó rí 4.9 á dúpẹ́, èyí tó rí 5.1 á sunkún, bíi pé òfin Mósè ni.

Ní ti tíì, kò sí wàhálà. Bí a bá ṣìnà, kò sẹ́ni tó kú. Ẹ wá jẹ́ ká gbé àga yẹn lọ sí Pedro.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan mú kànga márùn-ún (àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe o, kò sí kànga ẹnì kankan nínú ọ̀rọ̀ mi). Ó bu omi wọn ní oṣù Kejì nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó tún padà wá bu ú ní oṣù Keje. Nitrate ló ń wá, ọ̀kan lára ohun tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀. Gbogbo kànga márààrún ló lọ sókè lẹ́yìn òjò. Kò sí ọ̀kan tó wálẹ̀.

Test tó rọrùn jù fún irú èyí ni wọ́n ń pè ní sign test. Ó ní bí òjò ò bá ṣe nǹkan kan, kànga kọ̀ọ̀kan dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè: ó lè lọ sókè, ó lè wálẹ̀. Kí márààrún lọ sókè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 32. Kí márààrún wálẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 32. Test tó ń wo apá méjèèjì á ro wọ́n pọ̀, á di 2 nínú 32, ìyẹn 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ju 5 lọ. Kọ̀ǹpútà á ní "not significant". Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sí Chapter Four pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Lánlọ́ọ̀dù á rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ á máa mu omi lọ.

Márùn-ún nínú márùn-ún kẹ̀! Kò sí bí àwọn kànga yẹn ṣe lè jẹ́rìí ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Bí nitrate inú wọn ì bá tilẹ̀ fò sókè ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ìdáhùn kan náà ni test yẹn máa fún wa, torí pé kì í ka iye, sókè tàbí ìsàlẹ̀ nìkan ló ń kà. Ìyẹn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé korobá jáde nílé, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tí ẹlẹ́rìí kankan ò ti lè borí láéláé ló gbé àwọn ará Pedro lọ, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀. Bí kànga bá jẹ́ mẹ́fà tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì lọ sókè, á di 2 nínú 64, tó lé díẹ̀ ní 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwé próójẹ́ẹ̀tì náà á sì kígbe pé òjò ń ba omi jẹ́. Kànga kan péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹnì kan á ní, "Kí ló dé tí ẹ ń ro apá ìsàlẹ̀ mọ́ ọn? Ta ló ń bẹ̀rù pé òjò máa fọ kànga mọ́?" Bí a bá wo apá òkè nìkan, 1 nínú 32 ni, kò ju 3 àti díẹ̀ lọ, a ti yege nìyẹn. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Omi òjò lè pọ̀ nínú kànga débi tí ìdọ̀tí ibẹ̀ á fi di fẹ́ẹ́rẹ́, nitrate á sì wálẹ̀, nítorí náà apá ìsàlẹ̀ kì í ṣe àlá. Ẹni tó bá fẹ́ wo apá kan gbọ́dọ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdí kó tó bu omi. Ẹni tó rí 6.25 tán kó tó rántí pé apá kan lòun ń wò, kò yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ ta Baba Ìjẹ̀bú lẹ́yìn tí nọ́ńbà ti jáde.

T-test ńkọ́? Ẹni tó gbé e kalẹ̀, William Gosset, ilé iṣẹ́ Guinness ní Dublin ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1908, orúkọ "Student" ló fi tẹ ìwé rẹ̀ jáde, torí ilé iṣẹ́ náà ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìgò dúdú yẹn, tí wọ́n ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, ẹ ò mọ̀ pé sìtátísíìsì lẹ ń gbé mì.) T-test dára ju sign test lọ ní ti pé ó ń ka iye. Àmọ́ ó ń retí pé kí àwọn iye náà wà létòlétò, kí púpọ̀ wọn kóra jọ sáàárín, kí ìwọ̀nba díẹ̀ wà lápá ọ̀tún àti apá òsì. Àyíká kì í sáábà rí bẹ́ẹ̀. Kànga mẹ́rin á ṣe wẹ́rẹ́, ìkarùn-ún á ya wèrè.

Ẹ gbé kakulétọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ká ní nitrate àwọn kànga náà fi 2, 3, 2, 3 àti 3 lọ sókè. T-test á pariwo gidi gan-an, kò ní ṣiyèméjì rárá. Ẹ wá fi kànga karùn-ún sílẹ̀ kó lọ sókè pẹ̀lú 40 dípò 3. Ọ̀rọ̀ ti burú sí i, àbí? T-test á dákẹ́ lọ gbári. Ìdí ni pé ọ̀kan tó ya wèrè yẹn ti mú kí àlàfo àárín wọn fẹ̀ débi tí test náà ò fi dá ara rẹ̀ lójú mọ́. Bí omi ṣe ń bàjẹ́ sí i ni ẹnu test ń wọlẹ̀. Mi ò rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ èyí.

Oníkẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, Frank Wilcoxon, wá ọgbọ́n mìíràn dá ní 1945. Ó ní ká fi iye sílẹ̀, ká tò wọ́n ní ipò, bí ìwé èsì iléèwé ṣe máa ń kọ ipò kìíní, ipò kejì. Bí ọmọ tó gba ipò kìíní fi máàkì kan ju ẹnì kejì lọ, tàbí ó fi ọgbọ̀n jù ú, ipò kìíní náà ni. Kànga tó ya wèrè ò lè da ìyẹn rú mọ́, ìdí sì nìyí tí àwọn oníṣẹ́ àyíká fi fẹ́ràn irú àwọn test onípò bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ pẹ̀lú kànga márùn-ún, òun náà ò lè sọ̀ kalẹ̀ ju 6.25 lọ bó bá ń wo apá méjèèjì. Ọ̀rọ̀ mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tó ń dùn mí ju ìyẹn lọ: ìdílé tó ń mu kànga karùn-ún kì í mu ipò. Òǹkà 40 yẹn gan-an ni wọ́n ń mu.

Ibí yìí ló yẹ ká ti padà sẹ́yìn. Test ń dáhùn ìbéèrè, ta ló wá ni ìbéèrè náà? Alákòóso ìlú lè fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń ba kànga Pedro jẹ́ lápapọ̀, kó lè mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ fa páìpù dé. Ìyẹn nílò ìfiwéra, ó nílò ọ̀pọ̀ kànga. Ìyá tó ń fi omi kànga po mílíìkì fún ọmọ ìkókó ò bìkítà bóyá kànga aládùúgbò lọ sókè. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà tó jáde ní 2007 fi ààlà nitrate sí 50 mílígíráàmù nínú lítà kan. Nítorí àwọn ọmọ tó ń fi fídà mumi gan-an ni wọ́n ṣe ṣe irú ààlà bẹ́ẹ̀, torí pé bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ò ní lè gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́. Ohun tí ìyá yẹn fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé kànga inú ọgbà tèmi ti kọjá 50. Ẹ lè ṣe t-test fún un títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ò tíì dá a lóhùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rò ó nínú pé irọ́ táwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pa kì í ṣe irú èyí. Òótọ́ ni. Tiwa ni ká gbé dátà lọ sí bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà, ká ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣe é kó significant." Bọ̀ọ̀dá á ṣí SPSS, á dán eléyìí wò, á dán tọ̀hún wò, títí ọ̀kan á fi jẹ́ 0.04. Bí ẹ bá dán ogún àbá wò lórí nǹkan tí kò sí rárá, tí ọ̀kan ò sì kan èkejì, ó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún pé ó kéré tán ọ̀kan á bọ́ sábẹ́ 5. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onísìtátísíìsì Amẹ́ríkà kọ̀wé sí gbogbo ayé pé kí wọ́n yé fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dájọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwà burúkú ni, mi ò gbè é. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àyíká, olè méjì ló wà. Ọ̀kan ń ṣọdẹ ariwo, torí ó fẹ́ kí próójẹ́ẹ̀tì òun dùn. Èkejì ń ṣọdẹ ìdákẹ́jẹ́ẹ́: ó bu omi díẹ̀, ó yan test tí kò lè rí nǹkan, ó wá kọ ìwé pé òun ò rí nǹkan. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń bú ní kíláàsì. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n fìyà jẹ ìkejì rí, ìkejì yìí sì ni owó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ẹni tó ń da ìdọ̀tí sílẹ̀ ló ń wá a kiri.

Èdè wa gan-an mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. "A ò rí i" kì í ṣe "kò sí". Ẹni tó wọ yàrá dúdú láìní iná, tó jáde wá pé òun ò rí ejò, ẹ ò ní torí ìyẹn tẹ́ ọmọ sórí ẹní níbẹ̀. Test tí kò tóbi tó, yàrá dúdú ni.

Àwọn amòfin á ní àwọn mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, aláìṣẹ̀ ni títí ẹ̀rí á fi dé. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí pé bí a bá ṣì í, ènìyàn la máa jù sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe ènìyàn. Bí a bá fi ẹ̀sùn kan kànga, kò sẹ́wọ̀n tó ń lọ. Nígbà tí a bá ní omi jẹ́ aláìṣẹ̀ títí ẹ̀rí á fi dé, ẹni tó ń mu ún là ń fi ṣe ẹ̀rí. Jerzy Neyman àti Egon Pearson ti ṣàlàyé láti 1933 pé àṣìṣe méjì ló wà: ká pariwo nígbà tí kò sí nǹkan, àti ká dákẹ́ nígbà tí nǹkan wà. Bí a bá di ọ̀kan mú pinpin láìfi omi tí a bù kún un, èkejì á tú. 5 nínú ọgọ́rùn-ún di ariwo mú. Ta ló di ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mú?

Àwọn kan ti yí àga náà padà. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ ìdọ̀tí olóró mọ́ lórí ilẹ̀ kan, ìlànà tí àjọ EPA gbé jáde ní 1989 bẹ̀rẹ̀ látorí àbá pé ilẹ̀ náà ṣì dọ̀tí. Ẹni tó ní òun ti tún un ṣe ló máa fi ẹ̀rí lé àbá yẹn kúrò. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: bó bá bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, òun ni ìyà jẹ, torí pé ẹ̀rí rẹ̀ ò ní tó. Ó di dandan fún un kó bu púpọ̀. Ìṣirò kan náà ni o, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ṣé ká wá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Pedro, ká ní gbogbo kànga dọ̀tí títí a ó fi rí ẹ̀rí? Ibí yìí ni mo ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Ariwo náà lówó lórí, kì í sì í ṣe olówó ló ń san án. Ẹ ti kànga ọgbà kan pa láìnídìí, ayálégbé tó ń gba owó ọ̀sẹ̀ ló máa máa ra kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà lójoojúmọ́, omi mẹ́ruwà náà sì lè jẹ́ ti kànga mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò. Nítorí náà mi ò ní fi ìlànà kan dá gbogbo ẹjọ́. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń da ìdọ̀tí tirẹ̀ sínú omi ẹlòmíì, kí ẹni náà ru ẹrù ẹ̀rí, kó jẹ́ òun ló máa fihàn pé omi ṣì dáa. Níbi tó bá jẹ́ pé kànga àti sókàwéè jọ jẹ́ ti ọgbà kan náà, tí kò sì sí omi mìíràn, kí a wọn kànga kọ̀ọ̀kan kí a tó ti ọ̀kan pa. Ṣùgbọ́n níbikíbi, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi kànga márùn-ún kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan.

Àwọn ẹjọ́ ńlá ò nílò gbogbo àríyànjiyàn yìí. Nígbà tí àjọ UNEP wọn omi kànga ní Nisisioken Ogale, ní ilẹ̀ Ògóni, tí wọ́n sì kéde ní 2011 pé benzene inú rẹ̀ ju ìlọ́po 900 ààlà tí àjọ WHO fi lélẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè t-test. Ní Bárúwà, lápá Ìpájà, níbi tí epo bẹntiróòlù ti wọ inú kànga àwọn ará àdúgbò, imú lásán ti tó. Irú Pedro ló nílò test, ibi tí omi ti mọ́ lójú, tí kò rùn, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

Kí ló wá dé tí kànga fi máa ń jẹ́ márùn-ún? Owó láàbù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń san án lápò ara rẹ̀, kànga kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀rùn kan, òjò kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń bu omi kànga kan lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n pè é ní márùn-ún, ìyẹn ò sì sọ nǹkan kan fún wa nípa kànga yòókù. Ká ní ọmọ kíláàsì kan mú márùn-ún ní Pedro, òmíràn mú márùn-ún ní Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ẹ̀kẹta mú márùn-ún lápá Ladi-Lak, tí wọ́n bu ú lóṣù kan náà, tí wọ́n gbé e lọ sí láàbù kan náà, tí wọ́n sì ti kọ test tí wọ́n máa lò sílẹ̀ kí òjò tó dé: kànga mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, owó ẹnikẹ́ni ò sì lé sí i. Ohun tó kù ni kí ẹ̀ka wọn gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta fi dátà kan náà kọ próójẹ́ẹ̀tì mẹ́ta.